Ẹ̀rọ CNC kékeré fún ilé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó náwó

Ọmọ Káfíńtà, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ káfíńtà ni bàbá mi ń ṣe, èmi náà sì máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ní Sátidé tí n kò bá lọ sí ọ́fíìsì. Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ CNC, ẹ̀rọ agbẹ́gi tí kọ̀ǹpútà ń darí, tí n ó máa fi kọ orúkọ sára pákó, kí n máa fi gbẹ́ fúréèmù, kí n sì máa fi ṣe ẹ̀bùn táwọn èèyàn ń pín níbi ìnáwó. Ẹ̀gbẹ́ gáréèjì ni n ó gbé e sí, ibẹ̀ ò tóbi. Mo ti wo 3018, mo sì ti wo àwọn tó fẹ̀ tó mítà kan. Owó mi ká ti àkọ́kọ́ dáadáa. Ti èkejì, àfi kí n fún ìgbànú. Èwo ni kí n mú? Kí ló sì tún kù tí mo máa rà tí àwọn tó ń tà á kì í dárúkọ?

Bàbá Pákó, Bódìjà

Káàbọ̀, ọmọ mi. Nínú mẹ́ta tó o kà sílẹ̀ yẹn, kọ́kọ́ mọ èyí tó o máa ṣe jù, torí iṣẹ́ ló ń yan ẹ̀rọ. Orúkọ 3018 ni ìwọ̀n rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 30 lọ́nà kan, 18 lọ́nà kejì. Bíìtì rẹ̀, ìyẹn irin tó ń gé igi, a máa lọ sókè sódò tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin àbọ̀, ṣùgbọ́n bó o bá ti tẹ́ pákó ìtẹ́lẹ̀ sí i, tó o ti fi kílám̀pù de iṣẹ́ mọ́lẹ̀, tí ẹnu bíìtì sì yọ jáde, ohun tó ṣẹ́ kù kì í pọ̀. Mọ́tò tí wọ́n ń pè ní 775 ló wà lórí ọ̀pọ̀ wọn, mọ́tò kékeré sì ni. Lórí àrẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ mìlímítà kan lẹ́ẹ̀kan. Lórí àpá tàbí ọ̀gánwó, ìdajì mìlímítà ni kó o fún un, kó o sì ní sùúrù. Orúkọ ẹnu ọ̀nà, kíhóódà, nǹkan ọrùn, pátákó kékeré, yóò ṣe gbogbo ẹ̀. Ilẹ̀kùn, orí bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù, kò lè ṣe é. Má jẹ́ kí fídíò ẹnikẹ́ni tàn ọ́.

Tó o bá dé ibi tí wọ́n ti ń tà á, má wo àwòrán ara páálí. Fọwọ́ kan di ibi tí spindle, mọ́tò tó ń yí bíìtì, jókòó sí mú, tì í sọ́tùn-ún, tì í sósì, fà á síwájú. Bó bá mì lọ́wọ́ rẹ, yóò mì jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú igi. Àwọn kan wà tí egungun wọn jẹ́ alumíníọ̀mù látòkè délẹ̀. Àwọn mìíràn, ike ni wọ́n fi ṣe ẹ̀gbẹ́ wọn, ike sì ń tẹ̀. Owó tó wà láàárín àwọn méjèèjì ò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ ra èyí tó ń mì.

Ará Houston

Bàbá, ẹ má bínú, n ò fara mọ́ ọn tán. Àbúrò, bí owó rẹ bá lè ká èyí tó tóbi, rà á lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà téèyàn bá mọ 3018 lò tán ló máa ń rí i pé pákó tóun fẹ́ gé kò gba orí ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, Shapeoko ni ọ̀pọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Edward Ford ló gbé e jáde ní 2011 lórí Kickstarter, ìkànnì tí wọ́n ti ń kówó jọ fún iṣẹ́ tuntun, Carbide 3D ló ń ṣe é báyìí. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé kò sí wàhálà tó máa bá ọ tí ẹlòmíì ò tíì kó sí rí, tí kò sì ti kọ ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ síta. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀ 3D nílé lè wo MPCNC ti V1 Engineering, CNC tí èèyàn ń tò fúnra rẹ̀. Páìpù irin lo máa rà, oríkèé rẹ̀ ni wàá tẹ̀ fúnra rẹ. Ó ń jẹ àkókò, àmọ́ owó ẹ̀ ṣeé gbọ́ sétí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní kí ará ilé yín ra rútà, mọ́tò ńlá tó ń yí bíìtì lórí ẹ̀rọ tó tóbi, ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹ ṣọ́ra. Iná 120 volt ni wọ́n ṣe é fún. Makita RT0701C tí gbogbo wa ń lò níbí, bẹ́ ẹ bá kì í bọ iná 230 ti Nàìjíríà, èéfín lẹ máa kọ́kọ́ rí. RT0700C ni kẹ́ ẹ béèrè, èyí tí wọ́n ṣe fún 230. Bẹ́ẹ̀ kọ́, kẹ́ ẹ ra transformer tó ń bu iná kù.

Bàbá Pákó, Bódìjà

Ọ̀rọ̀ rẹ gún régé fún ẹni tó ń gbé Houston. Ẹ̀rọ mítà kan ń fẹ́ tábìlì mítà kan àbọ̀, ó ń fẹ́ àyè téèyàn á fi rìn yí i ká, rútà orí rẹ̀ á sì máa ké tí gbogbo àdúgbò á fi mọ̀ pé o ti dé láti ọ́fíìsì. Ọmọ yìí ní ẹ̀gbẹ́ gáréèjì ló ní.

Wáyà-ò-Purọ́, Ìkẹjà

Kẹ́ ẹ tó bára yín jà tán, ẹ jẹ́ ká sọ ti iná, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ iṣẹ́ ń bàjẹ́ sí.

Power pack 24 volt ló ń gbé 3018, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í sì ju 120 watt lọ. Inverter kékeré á gbé òun àti laptop pọ̀. I-better-pass-my-neighbour gan-an á gbé e. Rútà Makita tí ẹ̀gbọ́n wa dárúkọ yẹn, 710 watt ni. Bó o bá wá tan vacuum tó ń fa ìyẹ̀ igi mọ́ ọn, jẹ́ń kékeré yẹn á máa mí hẹlẹ. Nítorí náà, kó o tó ní mítà kan lo fẹ́, ro owó jẹ́ń tàbí inverter mọ́ owó ẹ̀rọ.

Ká ní iná ń lọ láàárín iṣẹ́ ńkọ́? Bátìrì wà nínú laptop, kò ní í mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ ni yóò dákẹ́. Grbl, sọ́fítíwià tó ń darí mọ́tò, ló wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré wọ̀nyí, èyí tí Simen Svale Skogsrud bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Grbl kì í rí ibi tí bíìtì wà. Ìṣísẹ̀ tó ti gbé ló ń kà. Iná lọ, kíkà náà lọ. Àtúnṣe ẹ̀ ni limit switch, switch kékeré tí ẹ̀rọ máa ń tẹ̀ bó bá dé òpin ìrìn rẹ̀. So ó mọ́ igun ẹ̀rọ, fi ètò $22=1 nínú Grbl tan homing, tí iná bá dé, ẹ̀rọ á rìn lọ fara kan igun rẹ̀, á sì mọ ibi tó wà. Ibi tó o pè ní òdo lórí pákó, fi í sínú G54, ọ̀kan nínú àwọn àyè tí Grbl ń fi òdo pamọ́ sí, torí Grbl máa ń kọ ìyẹn sí ibi tí kì í parẹ́. Èyí tó o bá fi G92 ṣe, ó ti bá iná lọ. Lẹ́yìn homing, wàá padà sórí pákó náà gan-an, wàá sì máa bá iṣẹ́ lọ láti ìlà tó o dá a dúró sí, bí o kò bá ṣáà ti tú pákó. Switch ò wọ́n rárá. Ẹ̀rọ tí kò ní ihò tí wọ́n ń ki wáyà limit switch bọ̀, má rà á.

Èkejì: ẹ máa gbọ́ táwọn èèyàn ń kígbe pé USB ń já láàárín iṣẹ́, tí wọ́n á ní kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́. Ariwo iná láti ara spindle tàbí vacuum ló sábà ń fà á. Ra wáyà USB tó kúrú tó nípọn, èyí tó ní ferrite, kókó dúdú tó ń dín ariwo iná kù, lọ́rùn, má sì jẹ́ kó gba ẹ̀gbẹ́ wáyà spindle kọjá. Kí vacuum wà lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn. Ní ọyẹ́, ọ̀nà ọ̀fun vacuum tó jẹ́ ike máa ń kó iná ara jọ tó lè ta ẹ̀rọ náà. Na wáyà bàbà tí wọ́n ti bó gba inú rẹ̀, kó o so ìdí rẹ̀ mọ́ earth. Earth gidi ni mo wí o. Ihò kẹta sọ́kẹ́ẹ̀tì nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ọ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n fi ṣe.

Ìyá Fúréèmù, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìjíròrò. Ẹ̀rọ yìí ni mò ń fi jẹun, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kàn mí.

Ìwọ ọmọ tó o fẹ́ máa kọ orúkọ, kí o tó ronú bíìtì, ronú lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì inú sọ́fítíwià àwọn ẹ̀rọ yìí kò mọ ẹ, ọ àti ṣ. Àwọn tó tún mọ̀ ọ́n, bí àmì ohùn bá gun ẹ lórí, orí á dà wọ́n rú, torí nínú kọ̀ǹpútà, ẹ́ kì í ṣe ẹyọ kan: ẹ dá wà, àmì tó máa gùn ún dá wà. Sọ́fítíwià tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó léra á gbé àmì sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, tàbí kó ya àpótí òfìfo fún ọ. Inú Inkscape, sọ́fítíwià ìyàwòrán, ni mo ti máa ń kọ ọ́. Ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í bèèrè dátà. Mo máa ń lo fọ́ǹtì Charis SIL tàbí Noto. Tí mo bá ti rí i pé àmì jókòó síbi tó yẹ, màá tẹ Object to Path, màá fi pamọ́ ní SVG, fáìlì àwòrán oníìlà. Láti ìgbà yẹn lọ, kò sí lẹ́tà mọ́, ìlà lásán ni, sọ́fítíwià tó ń gé kò sì ní ohun tó máa ṣì mọ̀.

Àmì abẹ́ lẹ́tà ló wá kù. Bíìtì tààrà tó wọ́pọ̀ fún àwọn ẹ̀rọ yìí, mìlímítà 3.175 ni. Bí àmì náà bá fẹ̀ ní mìlímítà 1.5, bíìtì yẹn kò lè wọ ibẹ̀. Sọ́fítíwià kò ní pariwo, yóò kàn fò ó ni, ọjọ́ tí kọ́sítọ́mà bá wá gbé iṣẹ́ lẹ máa jọ rí i. Bíìtì V, èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, ni kó o lò. Èyí tó jẹ́ dígírì 60 á wọlé tó mìlímítà 1.3 kó tó gbẹ́ àmì mìlímítà 1.5, á sì dá a yípo rẹ́gírẹ́gí. Bí lẹ́tà bá kéré jù, lo Break Apart ní Inkscape, kó o fọwọ́ fẹ àmì náà, kó o sì fà á kúrò lábẹ́ lẹ́tà díẹ̀. Lórí ọ̀gánwó tí inú rẹ̀ la, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín ọ àti àmì abẹ́ rẹ̀ máa ń ṣí kúrò. Mo máa ń fi tó mìlímítà kan sílẹ̀ níbẹ̀. Àwòrán tó bá jáde lórí kọ̀ǹpútà, fi ránṣẹ́ sí kọ́sítọ́mà lórí WhatsApp, kó fọwọ́ sí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ bàbá rẹ̀ kó o tó fọwọ́ kan pákó.

Ti dídè mọ́lẹ̀: pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í fẹ́ kílám̀pù, ó máa ń tẹ̀ kọ̀rọ̀bọ̀tọ̀. Lẹ téèpù oníbébà tí àwọn apènti ń lò mọ́ ìsàlẹ̀ iṣẹ́, lẹ òmíràn mọ́ pákó ìtẹ́lẹ̀, kó o wá kán super glue sáàárín téèpù méjèèjì. Ó máa ń mú gidi, tó o bá sì ṣe tán, téèpù lo máa bó, igi rẹ kò ní lẹ́gbin. Gé inú lákọ̀ọ́kọ́, kó o fi etí ìta ṣe ìkẹyìn, kó o sì fi afárá igi kéékèèké sílẹ̀ tó máa di iṣẹ́ mú títí bíìtì á fi kúrò.

Ti ẹ̀rọ tó o bèèrè, ti Bàbá Pákó ni mo wà. 3018 tí egungun rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù. Owó tó kù, fi ra bíìtì, ìbòmú gidi àti vacuum. Bíìtì méjì tó dáa sàn ju ogún tí wọ́n dì sínú ike ofeefee lọ.

Ọmọ Káfíńtà, Ìbàdàn

Màmá, ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀rọ̀ àmì yẹn ò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Mo rí fídíò tí etí pákó ń jóná, tó ń dúdú. Ṣé ẹ̀rọ ń sáré jù ni?

Ará Houston

Rárá, ìrìn rẹ̀ ló lọ́ra jù. Bíìtì gbọ́dọ̀ máa gé èérún jáde, torí èérún ló ń kó ooru lọ. Bó bá dúró sójú kan tó ń yí, ó ń ra igi lásán ni, igi á sì jó. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: iye ìyípo ní ìṣẹ́jú kan, lọ́nà iye etí mímú tí bíìtì ní, lọ́nà ohun tí etí kọ̀ọ̀kan ń bù. Ìyípo 10,000, etí méjì, mìlímítà 0.05: mìlímítà 1,000 ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Bí ẹ̀rọ rẹ ò bá lè rìn tó bẹ́ẹ̀ nínú igi, lo bíìtì elétí kan, yóò di 500. Wo ohun tó ń bọ́ sílẹ̀: bó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú, fi ìrìn kún un tàbí kó o dín yíyí kù. Bó bá jẹ́ èérún tó ṣeé fọwọ́ ṣà, o ti débẹ̀.

Ẹni tó bá sì fẹ́ bèèrè alumíníọ̀mù: 3018 lè gé e, ní mìlímítà 0.1 lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú bíìtì elétí kan àti ẹ̀kán òróró díẹ̀. Irin, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Bàbá Pákó, Bódìjà

Ẹ jẹ́ kí n fi ti igi kún un. Ìrókò dùn ún wò, gbogbo oníbàárà ló ń fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n òkúta a máa wà nínú rẹ̀. Òkúta gidi, funfun bí ẹfun, igi náà fúnra rẹ̀ ló ń kó o jọ sínú. Ojú ò lè rí i láti òde. Bíìtì tó bá bá a pàdé, bó bá ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, á kán. Bó bá nípọn, ẹnu rẹ̀ á kú. Nítorí náà, iṣẹ́ tó bá gba bíìtì olówó iyebíye, wá ọ̀gánwó tàbí ọmọ̀ fún un. Bí wọ́n bá ní ìrókò dandan, wo ibi tí àwọ̀ rẹ̀ ti dúdú ju ara yòókù lọ, kó o fi ẹnu ìṣó gún un díẹ̀díẹ̀.

Pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní sọ́míìlì, má gbé e lé ẹ̀rọ. Omi ṣì wà lára rẹ̀. Yóò gé dáadáa lónìí, ní oṣù tó ń bọ̀ yóò ká bí ewé. Tò ó sí òjìji, fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ máa gbà á kọjá.

Ìyẹ̀ ìrókò sì ń yún èèyàn lára, ó ń mú ẹlòmíì ṣe ikọ́ èémí. IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti ka ìyẹ̀ igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Aṣọ tí o fi di imú kì í dá a dúró. Ìbòmú N95 tàbí FFP2 ni, pàápàá lórí MDF, pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀ igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, torí gọ́ọ̀mù tó wà nínú ìyẹn kì í ṣe ohun àfàsímú.

Ìbọ̀wọ́ nìkan ni kó o má wọ̀. Bí bíìtì bá gbá aṣọ ìbọ̀wọ́ mú, ọwọ́ ló ń fà tẹ̀ lé e. Apá agbádá, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, okùn họ́ọ̀dì, gbogbo ẹ̀ á wà níta.

Abẹ́sẹ̀wù, Òṣogbo

Ẹ jọ̀wọ́, bàtà lèmi ń ṣe. Wọ́n ní laser aláwọ̀ búlúù wà tí wọ́n ń so mọ́ 3018 kan náà. Ṣé mo lè fi kọ nǹkan sára awọ àti rẹ́sìnì, ìyẹn awọ àtọwọ́dá?

Wáyà-ò-Purọ́, Ìkẹjà

Awọ gidi, bẹ́ẹ̀ ni. Rẹ́sìnì, rárá o. PVC ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Bí laser bá jó o, gáàsì hydrogen chloride ló ń tú jáde, bó bá sì ti bá omi pàdé ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ, ásíìdì ni. Ó ń pa èèyàn lára, ó tún ń jẹ irin ẹ̀rọ náà. Fún awọ gidi, awò tí wọ́n ṣe fún 450 nanomítà ni kó o wọ̀. Awò oòrùn kì í ṣe é. Tan $32=1, kó o sì fi àṣẹ M4 tan laser, kó lè máa dín agbára rẹ̀ kù níbi tí ẹ̀rọ bá ti ń fà sẹ́yìn ní igun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo igun lẹ́tà ló máa jó dúdú. Kí ọmọdé má sì wọ yàrá náà.

Ará Houston

Àti ti sọ́fítíwià, kí n má gbàgbé: Easel dùn fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ inú íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, dátà ló ń jẹ. FreeCAD, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kíkọ́ rẹ̀ ń lágbára. Fusion ọ̀fẹ́ ti dín kù láti 2020, ìrìn kíákíá tí bíìtì máa ń rìn nígbà tó bá wà lókè igi ti kúrò nínú rẹ̀, iṣẹ́ gígùn máa ń falẹ̀. Láti fi fáìlì ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ, Candle tàbí Universal Gcode Sender tó.

Ọmọ Káfíńtà, Ìbàdàn

Mo ti pinnu. 3018 alumíníọ̀mù, pẹ̀lú limit switch, bíìtì V kan àti elétí kan. Mo máa ra vacuum nígbà tí owó oṣù bá wọlé. Ẹ̀yin ará Houston, ẹ má bínú sí mi o. Ìbéèrè tó kù ni pé: tó bá ti dé, kí ni kí n kọ́kọ́ gé? Ṣé mo sì lè tan án sílẹ̀ kí n lọ jẹun?

Ará Houston

Kò sí ìbínú. Tó o bá fẹ́ ta 3018 yẹn lọ́dún tó ń bọ̀, orí ìjíròrò yìí ni kó o ti kọ́kọ́ polówó ẹ̀.

Ìyá Fúréèmù, Abẹ́òkúta

Gbé oúnjẹ wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bíìtì tó kú tó ń ra igi lójú kan, pẹ̀lú ìyẹ̀ gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ vacuum ń gba orí rẹ̀ kọjá, iná ló ń bí. Kí ohun ìpaná wà nítòsí, kí bọ́tìnnì ìdádúró wà níbi tí ọwọ́ òsì rẹ á tó o láìwò.

Má gé orúkọ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Fi bíìtì fífẹ̀ ha ojú pákó ìtẹ́lẹ̀ kó tẹ́jú. Lẹ́yìn náà, gé onígun mẹ́rin tó jẹ́ mìlímítà 100 lọ́nà gbogbo, kó o fi caliper, irin ìwọ̀n, wọ̀n ọ́n. Bí ọ̀nà X bá jẹ́ 99.2 dípò 100, wo iye tó wà ní $100 nínú Grbl, ìyẹn ìṣísẹ̀ tí mọ́tò ń gbé fún mìlímítà kan. Lórí ọ̀pọ̀ 3018, 800 ni. Sọ 800 di ìlọ́po 100, kó o pín in sí 99.2, wàá rí nǹkan bíi 806.45, ìyẹn ni kó o tẹ̀ síbẹ̀. Ṣe bákan náà fún Y ní $101. Kó o tó ṣe bẹ́ẹ̀ ṣá, rí i dájú pé bíìtì 3.175 tó o kọ sínú sọ́fítíwià jẹ́ 3.175 lóòótọ́, wọ̀n ọ́n, torí àwọn olówó pọ́ọ́kú kì í pé. Wá wọ̀n ọ́n láti igun sí igun tó dojú kọ ọ́. Ọ̀nà méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ 141.4. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, kò sí nọ́ńbà tó máa tún un ṣe: tú àwọn nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, fi ìwọ̀n igun káfíńtà ti bàbá rẹ sí i, kó o tó dè é padà.